Ìyá Eléwé Tó Ń Ta Búrẹ́dì

Bí ẹ bá dé Ìyànà Ọ̀fà tí ẹ béèrè ilé Ìyá Eléwé, wọn yóò júwe ọ̀nà Abà Jagun fún yín. Àlejò tó bá tìtorí ewé mọ́ínmọ́ín wá yóò bá ófùnù alámọ̀ lẹ́yìnkùlé wa, pẹ̀lú òkìtì igi ìdáná àti obìnrin kan tí fúláwà ti sọ apá rẹ̀ di funfun dé ìgúnpá. Búrẹ́dì ló ń tà. Títíladé ni orúkọ rẹ̀, Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀, èmi Àkànbí sì ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀. Títíladé kì í ṣe ọmọ, ó sì ti lọ já ewé lóko báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yìn ín kó tó dé.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà. Èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà lórí táípù, èmi náà ni mò ń tún òyìnbó ọ̀gá ṣe kó tó fọwọ́ sí i. Ìyẹn kó sí mi lórí díẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá ti mọ táípù ti mọ ohun gbogbo tó wà láyé. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi àti ìyàwó mi ń lọ, Ẹkúndayọ̀ ni àkọ́bí wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Bàbá Dayọ̀ àti Ìyá Dayọ̀.

Kí n tó fẹ́ ẹ ló ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Moniya. Nígbà tí a kó dé Abà Jagun, òun fúnra rẹ̀ ló wa amọ̀ òkìtì ọ̀gán tó fi mọ ófùnù. Lọ́dún 1987 tí ìjọba fòfin de àlìkámà òkè òkun, tí àwọn oníbúrẹ́dì ń ti ilẹ̀kùn wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ìwọ̀nba fúláwà tó bá rí. Mo ní kò ní wú. Ó wú. Mo ní àwọn ènìyàn kò ní jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún ń béèrè èyí tó jóná díẹ̀ nídìí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ ọ̀rá tí mo fẹ́ sọ yìí ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ la fi ń di búrẹ́dì nígbà náà. Èmi ni mò ń kó o wá láti ọ́fíìsì. Bí òjò bá pa á, ìwé á já. Bí búrẹ́dì bá gbóná, dúdú ara ìwé á lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé á jẹ àkọlé ìròyìn mọ́ oúnjẹ àárọ̀. Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ kí búrẹ́dì ìyàwó mi rí bí èyí tí wọ́n ń tà nígboro.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú ọ̀làjú wọ Abà Jagun lọ́dún 1991. Mo wọkọ̀ lọ sílé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn, mo sì gbé ọ̀rá ẹgbẹ̀rún méjì bọ̀, èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní láílọ́ọ̀nù. Wọ́n ti fi aró búlúù tẹ orúkọ sí i lára: TÍTÍLADÉ BREAD, ABÀ JAGUN. Wọ́n ya ṣírí àlìkámà sábẹ́ rẹ̀. Títíladé wò ó títí, ó ní àlìkámà náà jọ ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi ọ̀kan há ara ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wa.

Ọjà yá. Láàárín oṣù díẹ̀ ọ̀rá ti kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ti kún etí odò, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e lọ fi kọ́ ẹ̀ka kòkó. Bí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, orúkọ ìyàwó mi ni mò ń kà nínú igbó lọ́tùn-ún lósì. Ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ògo ni.

Aládùúgbò wa kan wà tó ń jẹ́ Ṣítù, àgbẹ̀ ni, ẹgbẹ́ mi sì ni. Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń ta obì. Ọdún méjì gbáko ni Ṣítù fi sin àgbò kan tó fẹ́ fi ṣe Iléyá ọdún 1992. Èèpo ẹ̀gẹ́ ló ń fún un jẹ, ọṣẹ ló fi ń wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àgbò náà sì mọ ẹni tó ń kọjá yàtọ̀ sí ẹni tó ń bọ̀ wálé. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ márùn-ún, àgbò kọ oúnjẹ. Ikùn rẹ̀ wú, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tí Ṣítù rí i pé yóò kú mọ́ òun lọ́wọ́, ó sáré dú u. Ẹran tó ń ṣàìsàn kò ṣeé fi ṣe ọdún, gbogbo wa la mọ̀.

Wọ́n la ikùn rẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó ti wé mọ́ra, ó ṣù tó nǹkan tí ènìyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé.

Ṣítù fọ̀ ọ́. Ó tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sórí àwo pẹrẹsẹ, ó sì gbé e wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́. Aró ilé ìtẹ̀wé yẹn dára, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣí.

Ó ní, “Ìyá Dayọ̀, ẹ má bínú. N kò bá tìjà wá. Mo ní kí ẹ rí i ni, torí orúkọ yín ló wà lára rẹ̀.”

Títíladé kúnlẹ̀. Ó ní kí ó jẹ́ kí a wá àgbò mìíràn fún un kí ọdún tó dé. Ṣítù mi orí. Ó ní, “Èyí tí mo fi ọwọ́ mi sìn ni mo fẹ́ fi ṣe ọdún. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.” Ọjọ́ Iléyá, ó wọ agbádá rẹ̀ lọ sí Yídì, ó bọ̀, ó jókòó síwájú ilé. Ọkùnrin tó máa ń pín ẹran kárí abúlé wá ń gba ẹran lọ́wọ́ ará abúlé. N kò lè wò ó lójú.

Èmi tí mo mọ táípù kò ṣàìní àwíjàre. Mo sọ fún Títíladé pé òun kọ́ ló ju ọ̀rá sílẹ̀. Ẹni tó jẹ búrẹ́dì ló jù ú, ẹ̀bi ẹni náà ni.

Ó ní, “Orúkọ ta ni wọ́n kà nínú ikùn àgbò?”

Mo gbé ojú lé ọ̀rá tó wà lára ògiri.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí ayé mọ orúkọ mi, Bàbá Dayọ̀. Àgbò náà ti mọ̀ ọ́n.”

Ó já èyí tó wà lára ògiri. Ọ̀rá tó kù, tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní apá ibi tí mo máa ń sùn sí. Láti ọjọ́ kejì, kó tó dáná sí ófùnù, á kọ́kọ́ gbé àpò kó máa rìn káàkiri igbó, etí odò àti oko kòkó, kó máa ṣa orúkọ rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó, á fi igi gígùn fà á. Àwọn kan ní wọ́n ti ṣe é. Mo bá wọn jà, nígbà tó yá mo sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, èmi náà gbé àpò.

Kò fẹ́ padà sí ìwé ìròyìn. Ewé eéran ló lọ já ní abẹ́ kòkó, ewé tí gbogbo wa fi ń di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó ní ohun tí ẹran bá jẹ tí kò ní pa á ni òun yóò fi di oúnjẹ ènìyàn. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá rí búrẹ́dì nínú ewé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣáà jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tó mú ọ̀rọ̀ náà le. Kó tó di pé àgbò kú ni Alàgbà Lazarus ti wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Lazarus ni akọ̀wé ìjọ Aládùúrà tí àgọ́ wọn wà lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà. Wọ́n fẹ́ ṣe àpéjọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lóṣù kẹjọ, ọ̀ọ́dúnrún búrẹ́dì ni wọ́n sì fẹ́. Àwọn ènìyàn yóò wá láti Adegbayi, láti Ẹgbẹ́dá, láti ìhà Akínyẹlé. Bí búrẹ́dì náà bá dára, orúkọ Títíladé yóò bá wọn délé. Bí kò bá dára, ìtàn ikùn àgbò nìkan ni wọn yóò máa rántí mọ́ ọn. Èyí ló ń jà lọ́kàn rẹ̀, mo mọ̀, nítorí kò kọrin mọ́ bó bá ń po fúláwà.

Lazarus dé, ó rí ewé. Ó ní, “Ìyá Dayọ̀, ṣé ẹ̀kọ lẹ fẹ́ kó wá bá wa ni?”

Títíladé ṣàlàyé. Lazarus fetí sílẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ọjọ́bọ̀ ni búrẹ́dì máa dé àgọ́, ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò jẹ èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ní kí ó fún òun ní méjìlá kí òun fi dán an wò.

Títíladé fọ ewé náà bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, lójú àti lẹ́yìn, ó ṣan án ní ẹ̀ẹ̀mejì. Obìnrin wo ní ilẹ̀ wa ló ń fi ewé di oúnjẹ láìfọ̀ ọ́? Ó gbọn omi rẹ̀ dànù, ó di búrẹ́dì méjìlá, wọ́n dára lójú bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Lazarus padà wá, ó mú ẹyọ kan lọ́wọ́. Ó tú u níwájú wa. Búrẹ́dì ti bu, ó ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó rí múlọ́múlọ́.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Dayọ̀. N kò lè gbé búrẹ́dì tó hu irùngbọ̀n síwájú àwọn àgbà.” Kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ó ní kí ó ṣe àádọ́jọ. Àádọ́jọ tó kù yóò ti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kan nígboro wá, nínú ọ̀rá. Tí ti ewé bá tún bu, kí ó wá kó o fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa páálí jáde. Títíladé wò mí. Èmi fúnra mi ni mo tì í padà.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún jókòó sẹ́bàá kànga, ó ń fọ ewé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ibẹ̀ ni Fàtímọ̀ ìyàwó Ṣítù bá a. Fàtímọ̀ sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Dayọ̀, ta ló ní kí ẹ fọ ewé?”

“Ṣé kí n fi ewé eléèrí di búrẹ́dì ni?”

“Inú omi gbígbóná ni mọ́ínmọ́ín ń lọ, kò sí ohun tí omi ara ewé fẹ́ fi í ṣe. Obì ò lọ síbẹ̀, búrẹ́dì náà ò lọ síbẹ̀. Obì tí mò ń kó lọ sí Ṣáṣá, ó ń lo oṣù kan nínú agbọ̀n mi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo fọ ewé rẹ̀. Kò tó ọjọ́ mélòó kan tó fi bu. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn án. Ewé tí a bá já lónìí, a kì í lò ó lónìí, nítorí inú rẹ̀ ṣì kún fún omi. A ó tẹ́ ẹ síbòòji títí yóò fi rọ̀, a ó wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún lójú àti lẹ́yìn. Títíladé fi tirẹ̀ kún un. Ó ń jẹ́ kí búrẹ́dì tutù dé inú kó tó dì í. Bí iná ófùnù bá ti kú tí amọ̀ rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tẹ́ ewé sẹ́yìn rẹ̀, omi tó kù á gbẹ, òórùn dídùn búrẹ́dì á sì wọ ewé kí ewé tó wọ búrẹ́dì. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló fi ń dì í. Á ta kókó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá fi ojú okùn kan sílẹ̀ lókè tí ọmọ ilé-ìwé lè ki ìka bọ̀ kó máa gbé e lọ.

Ó bi Fàtímọ̀ lọ́jọ́ náà pé, “Pẹ̀lú ohun tí mo fojú yín rí, kí ló dé tí ẹ ń ràn mí lọ́wọ́?”

Fàtímọ̀ gbé garawa rẹ̀ rù. Ó ní, “Ewúrẹ́ mẹ́ta ló kù nílé wa. Mo fẹ́ kí wọ́n dàgbà.”

A kó àádọ́jọ búrẹ́dì lọ sí àgọ́ ní Ọjọ́bọ̀, nínú agbọ̀n obì tí Fàtímọ̀ yá wa. Ti ìgboro ti wà nílẹ̀ kí a tó dé, wọ́n ń dán gbinrin nínú ọ̀rá wọn, tiwa sì jókòó bí ará oko tó wá kí ará ìlú. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń béèrè bóyá obì ni. Títíladé gbọ́ ọ náà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, oòrùn mú ní Àbámẹ́ta, yàrá tí wọ́n kó búrẹ́dì sí sì gbóná bí inú ìkòkò. Ní ọjọ́ Àìkú, mo sá fún ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì tèmi, kí Ọlọ́run foríjì mí, mo tẹ̀lé ìyàwó mi lọ sí àgọ́ àwọn Aládùúrà. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe. Lazarus ṣí yàrá náà níwájú wa, òun àti àwọn ìyá ìjọ méjì.

Ó kọ́kọ́ mú ti inú ọ̀rá. Omi ti kán sínú rẹ̀ tótótó. Nígbà tó yí i padà, ìdí rẹ̀ ti bu. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Ó mú ìkẹta. Nígbà náà ló wá mú tiwa. Títíladé di ọwọ́ mi mú, ohun tí kì í ṣe níta. Lazarus tú kókó, ó ṣí ewé. Èèpo búrẹ́dì náà ti le díẹ̀, n kò ní ṣe àbùmọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bù ú sí méjì, inú rẹ̀ rọ̀, ó funfun, ó ń ta sánsán. Ìyá ìjọ kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró láì gbàdúrà sí i.

Lazarus ní, “Ìyá Dayọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ló yẹ kí n gbà lọ́wọ́ yín.”

Èyí tó kù nínú tiwa ni wọ́n bù sí méjì méjì kó lè kárí gbogbo ìjọ. Èmi ń retí kí Títíladé yọ̀, kó sọ̀rọ̀, kó fi ojú wá ọ̀dọ́mọkùnrin tó pe búrẹ́dì wa ní obì yẹn. Ohun tó béèrè ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun kó ewé jọ. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé e délé, ó dà á síwájú ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ṣítù, ó sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Ìgbà náà ló tó rẹ́rìn-ín. Kò sí owó oṣù tí mo gbà rí tó dùn mọ́ mi bí ẹ̀rín yẹn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Eléwé. Ilé-ìwé méjì ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìwó a sì máa dúró fún un. Kò sí àkọlé kankan lára ewé rẹ̀. Ọ̀rá mi ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń sùn lé e.

Nígbà tí Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e dé, Ṣítù ti sin àgbò mìíràn. Ó dú u lọ́jọ́ ọdún, kò sì rán ọmọ wá sílé wa. Òun fúnra rẹ̀ ló wá, pẹ̀lú agbádá ọdún lọ́rùn rẹ̀, ó gbé itan kan lọ́wọ́. Ewé eéran tó ti rọ̀ ló fi dì í. Ó ta kókó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ojú okùn kan sílẹ̀ lókè. Ó ní, “Ilé yín ni mo kọ́kọ́ yà.”

Títíladé kúnlẹ̀ gbà á. Nígbà tí Ṣítù lọ tán, ó ki ìka bọ ojú okùn náà bí ọmọ ilé-ìwé, ó gbé e sókè síwájú mi.

Ó ní, “Bàbá Dayọ̀, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi kà á. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gba ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo sì kà á fún un: “Títíladé, Àwẹ̀ró, Abà Jagun.”